Obìnrin nínú ewì akọni Gíríìkì: ṣé aṣọ híhun àti ẹkún nìkan ni iṣẹ́ wọn?

Olùkọ́_ÒkèBaálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ̀wé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 3 ni mo fẹ́ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2, ìṣẹ́jú 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ipò obìnrin nínú Iliad àti Odyssey, ewì méjì tí wọ́n ní Homer ará Gíríìkì kọ: Iliad lórí ogun tí àwọn Gíríìkì gbé ja ìlú Troy, Odyssey lórí bí Odysseus ṣe ti ogun náà padà sílé. A ò lè ka odidi rẹ̀ tán láéláé: Iliad lé ní ìlà 15,600, Odyssey lé ní 12,100, ìwé 24 ni wọ́n sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Àfi ká yan ibi tí a ó kà.

Àkópọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ló ń dà mí láàmú. Ó ní iṣẹ́ méjì péré ni obìnrin ń ṣe nínú ewì wọ̀nyí, pé kí wọ́n hun aṣọ, kí wọ́n sì sunkún. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tí Hector, akọni Troy, sọ fún Andromache ìyàwó rẹ̀ ti ara rẹ̀ lẹ́yìn (Iliad, Ìwé 6, ìlà 490 sí 493): padà sílé, lọ mójú tó iṣẹ́ rẹ, òfì àti ìrànwú, ogun yóò jẹ́ ti ọkùnrin. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ọkàn mi ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ibo ni kí n kà fún wọn? Àṣìṣe wo ni kí n yẹra fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà ìlà sí i, torí ìtumọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ò dọ́gba.

Ìyá_Kíjìpá

Ẹ kú làálàá, Olùkọ́. Ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ Hector yẹn. Òun gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú Odyssey, Ìwé 1, ìlà 356 sí 359, Telemachus, ọmọ Odysseus, sọ gbólóhùn kan náà fún Penelope, ìyá tó bí i, àyàfi pé ibi tí Hector ti ní "ogun", òun ní "ọ̀rọ̀ sísọ". Ní Ìwé 21, ìlà 350 sí 353, ó tún un sọ, ó wá fi "ọrun" sí i. Ní Ìwé 11, ìlà 352, ọba Alcinous, tó gba Odysseus lálejò, mú ìdajì rẹ̀ lò, ó ní sísin àlejò sọ́nà ni yóò jẹ́ ti ọkùnrin.

Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, kí ẹ wá bi àwọn ọmọ pé: kí ni obìnrin yẹn ti sọ kí wọ́n tó dá a lóhùn báyìí? Andromache ti sọ ibi tó yẹ kí ọmọ ogun dúró sí: nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, níbi tí ògiri ìlú ti rọrùn láti gùn, tí ọ̀tá sì ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta (ìlà 433 sí 439). Penelope ti ní kí akọrin fi orin ìpadàbọ̀ láti Troy sílẹ̀, kó mú òmíràn. Nígbà kejì ó ti ní kí wọ́n gbé ọrun fún alágbe tó jókòó láàárín wọn (Odysseus tó para dà ni). Arete, ìyàwó Alcinous, ti ní kí wọ́n má kánjú lé àlejò lọ, kí wọ́n má sì ṣahun. Obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Ìdáhùn ni gbólóhùn ọkùnrin náà jẹ́, bí àkópọ̀ bá sì já a kúrò níbi tó wà, ó di òfin. Ìlà 7 tí Andromache fi gbani nímọ̀ràn yẹn bí àwọn àgbà gan-an nínú: Aristarchus, ọ̀mọ̀wé Alexandria tó yẹ Homer wò fínnífínní ní nǹkan bí ọdún 2,200 sẹ́yìn, fi àmì sí wọn pé kò dá òun lójú pé Homer ló kọ wọ́n, torí kò bá obìnrin mu láti máa kọ́ balógun níṣẹ́ ogun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ̀lé aṣọ. Òṣogbo ìlú aró là ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ti rí ìkòkò aró rí yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ tún àwòrán òfì inú orí wọn ṣe. Bí ẹ bá kàn pè é ní òfì, ọkùnrin tó jókòó ni wọn yóò rí, tó na òwú gbọọrọ síwájú, tó ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́. Òfì ìdúró tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá ló sún mọ́ ti Gíríìkì jù. Igi méjì dúró, wọ́n fara ti ògiri, ọ̀kan dábùú wọn lókè. Láti ara igi òkè yìí ni òwú gígùn ti ń rọ̀ wálẹ̀. Wọn ò fi igi kankan dè é nísàlẹ̀ bíi ti kíjìpá. Òkúta tàbí amọ̀ sísun tí wọ́n so mọ́ ìdí òwú ló ń fà á le. Aṣọ ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n sì ń gbá òwú ìdábùú sókè. Ó fẹ̀ débi pé ahunṣọ ò lè jókòó sójú kan, ńṣe ló ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Ìrìn yẹn gan-an ni Agamemnon, olórí ogun Gíríìkì, dárúkọ nínú Iliad, Ìwé 1, ìlà 31, nígbà tó ń lérí pé Chryseis, ọmọbìnrin tí wọ́n kó lógun, yóò darúgbó ní Argos nídìí òfì òun, tí yóò sì máa bá òun sùn.

Ó yá, ẹ wo ohun tí wọ́n ń hun. Ìwé 3, ìlà 125 sí 128: Helen ń hun aṣọ ńlá elésèé àlùkò, ó sì ń hun ìjà àwọn ará Troy àti àwọn Gíríìkì sínú rẹ̀, ìjà tí wọ́n ń jà nítorí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀ nínú ewì yìí, òwú ló sì fi kọ ọ́. Ìwé 22, ìlà 440 sí 448: Andromache ń hun òdòdó sára aṣọ, ó ti ní kí wọ́n gbé ìkòkò omi gbígbóná kaná kí ọkọ òun lè fi wẹ̀ bó bá ti ogun dé. Hector ti kú. Ó gbọ́ igbe láti orí ògiri ìlú, ọ̀kọ̀ òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ka ìlà 448 yẹn nìkan, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀.

Aṣọ tún ni obìnrin fi ń dá ènìyàn mọ̀. Odyssey, Ìwé 7, ìlà 233 sí 239: Arete bi àlejò, Odysseus, pé ta ni, àti ta ló fún un ní aṣọ tó wọ̀, torí ó mọ̀ ọ́n, òun àti àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ ló ṣe é. Ìwé 19, ìlà 215 sí 257: Penelope ń dán alágbe náà wò, ó ní bó bá rí Odysseus rí lóòótọ́, aṣọ wo ló wọ̀? Alágbe náà ṣàpèjúwe ìbora elésèé àlùkò oníṣẹ́po méjì, ìkọ́ wúrà tí wọ́n ya ajá tó di ọmọ àgbọ̀nrín mú sí, àti ẹ̀wù inú tó múlẹ̀ tó ń dán bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ. Penelope bú sẹ́kún, ó ní ọwọ́ òun lòun fi ká aṣọ náà fún un, òun sì lòun fi ìkọ́ yẹn sí i. Ẹ mú àlùbọ́sà kan dání lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n gbé e sójú oòrùn.

Ti aṣọ òkú tí Penelope ń hun fún Laertes, bàbá ọkọ rẹ̀ (Ìwé 2, ìlà 93 sí 110), ẹ má kọjá rẹ̀ wéré. Ó ní òun ò ní yan ọkọ nínú àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ òun títí òun yóò fi hun ún tán. Ọdún mẹ́ta ló fi ń hun lọ́sàn-án tó ń tú u lóru nídìí iná, kí obìnrin kan tó tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún kẹrin. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bèèrè pé ṣé ojú àwọn ọkùnrin náà fọ́ ni. Aṣọ tó fẹ̀, tí òwú rẹ̀ sì múlẹ̀, kì í yá. Obìnrin ìlú ì bá sì bú u bó bá jẹ́ kí bàbá ọkọ òun wọ ilẹ̀ láìsí aṣọ òkú. Ohun tó sọ bójú mu, wọ́n gbà á gbọ́. Òwú ìdábùú nìkan ló sì nílò láti fà yọ. Òwú gígùn wà lórí òfì, tó bá di àárọ̀, kí iṣẹ́ máa lọ.

Atúmọ̀_Ìwé

Mo kí Ìyá_Kíjìpá gidigidi. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn mẹ́rin yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Àmọ́, ẹ má bínú o, ká má fi aṣọ bo ojú ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń diye lé obìnrin. Iliad, Ìwé 23, ìlà 702 sí 705: níbi ìjàkadì tí wọ́n ṣe níbi ìsìnkú Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles, jagunjagun Gíríìkì tó lágbára jù, ẹni tó bá ṣẹ́gun yóò gba ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó tó màlúù 12. Ẹni tó bá ṣubú yóò gba obìnrin kan, "tó mọ iṣẹ́ púpọ̀", iye rẹ̀ màlúù 4. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn: obìnrin 3 fún ìkòkò kan. Ní Ìwé 9, láti ìlà 122, Agamemnon ka ohun tí yóò fi tu Achilles lójú: ìkòkò 7, wúrà, agbada 20, ẹṣin 12, obìnrin 7 láti Lesbos tó mọ iṣẹ́ ọwọ́, Briseis fúnra rẹ̀, obìnrin tó gbà lọ́wọ́ Achilles, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta láìgba ìdána. Ọmọ rẹ̀ àti agbada wà nínú àkójọ kan náà.

Briseis gan-an ńkọ́? Nítorí rẹ̀ ni ìjà Achilles àti Agamemnon fi bẹ̀rẹ̀, ìlà 14 péré ló sì sọ, ní Ìwé 19, ìlà 287 sí 300. Nígbà tí wọ́n wá mú un lọ ní Ìwé 1, ìlà 348, ọ̀rọ̀ kan ni ewì fi ròyìn rẹ̀: kò fẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n pè é ní olólùfẹ́ Achilles. Achilles pa ọkọ rẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta kú lọ́jọ́ kan náà, ìpín ìkógun ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì sì pè é. Ohun tó sọ nínú ẹkún rẹ̀ ni pé Patroclus ti ṣèlérí láti sọ òun di ìyàwó tí Achilles gbé níyàwó, kí wọ́n ṣe àsè rẹ̀ ní Phthia, ìlú Achilles. Nígbà tí Patroclus kú, ìlérí yẹn náà kú, ohun tó ń sunkún sí nìyẹn. Ìlà 301 àti 302 wá sọ pé àwọn obìnrin yòókù ń bá a sunkún Patroclus, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sun. Ẹ má jẹ́ kí ìlà méjì yẹn bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ibi kan tún wà tó yẹ kí ọmọ Òṣogbo kà: Ìwé 6, ìlà 286 sí 311. Hecuba, ìyá Hector, wọ yàrá olóòórùn dídùn níbi tí aṣọ wà, ó mú èyí tó tóbi jù tó sì lẹ́wà jù, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, ó ń tàn bí ìràwọ̀. Àwọn obìnrin àgbà tẹ̀ lé e lọ sí ojúbọ Athena. Theano, tí àwọn ará Troy fi jẹ olórí ìsìn, gbé aṣọ náà lé orúnkún òrìṣà, ó sì ṣèlérí màlúù 12 tí kò tíì ru àjàgà rí. Ọmọ tó ti rí i bí obìnrin ìlú ṣe ń tẹ̀ lé Arugbá lọ sódò Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́ọ̀sì kò ní béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ ìlú ni, ọwọ́ obìnrin ló sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà 311 tán: Athena kọ̀. Ibi tí èmi àti Ìyá_Kíjìpá ti yàtọ̀ díẹ̀ nìyẹn. Lójú mi, ewì náà gbà pé obìnrin ní ọgbọ́n, ó ní ohùn, ó ní ọwọ́, síbẹ̀ ó ń fi hàn wá lemọ́lemọ́ pé wọn kì í jẹ́ kó dá ogun dúró.

Àyọ̀ká_Arò

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ gidi. Ẹkún ni mo fẹ́ dá sí, torí ẹnu ni àkópọ̀ yẹn fi mẹ́nu bà á, bí ẹni pé omi ojú lásán ni.

Òun ni wọ́n fi parí Iliad. Ìwé 24, láti ìlà 719: wọ́n tẹ́ Hector sórí ibùsùn, àwọn akọrin jókòó tì í, wọ́n ń dá orin arò, àwọn obìnrin ń gbè é. Lẹ́yìn náà obìnrin mẹ́ta sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra wọn. Andromache kọ́kọ́ sọ, ó di orí ọkọ rẹ̀ mú, ìlà 725 sí 745. Hecuba tẹ̀ lé e, 748 sí 759. Helen ló kẹ́yìn, 762 sí 775. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí balógun kan tó sọ̀rọ̀ ìdágbére lórí òkú akọni tó tóbi jù ní Troy. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n sọ ẹni tó jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é ní kíláàsì, ọmọbìnrin mẹ́ta ni kí ẹ yàn, kí àwọn yòókù máa gbè é. Ẹ tẹ̀ lé bí ègbè ṣe ń gbòòrò: ní ìlà 746 àwọn obìnrin ló ń kérora, ní 760 ẹkún tí kò dáwọ́ dúró, ní 776 gbogbo èrò ìlú. Kí ègbè àkọ́kọ́ rọra wá, kí ìkẹta kún ilé. Àṣìṣe tó máa ń ba eré yìí jẹ́ ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ké bákan náà. Ọ̀rọ̀ wọn ò jọra. Andromache ń wo ọ̀la: ìlú yóò ṣubú, òun yóò di ẹrú, ẹnì kan yóò di ọmọ òun lápá, yóò jù ú láti orí ilé ìṣọ́. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn: ìwọ ò na ọwọ́ sí mi láti orí ibùsùn ikú rẹ, o ò sọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún mi tí n ó máa rántí tọ̀sán-tòru. Hecuba ń wo òkú ọmọ rẹ̀ tí kò bàjẹ́ láìka bí Achilles ṣe wọ́ ọ nílẹ̀ sí, ó sì ń rántí àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn tí Achilles tà sí òkè òkun. Helen ní ọdún ogún rèé, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kan lẹ́nu Hector rí, bí ará ilé bá sì ń bú òun, òun ló ń pẹ̀tù sí i. Ìyàwó ilé tí gbogbo ìlú kórìíra ló jẹ́rìí ìwà rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ má pè é ní ìrèmọ̀jé. Ti ọdẹ nìyẹn, Ògún ló ni ín. "Arò" dára. Bí ẹ bá ń wá ohun tí wọn yóò fi lóye bí ẹkún ṣe ń fún obìnrin láàyè láti sọ ohun tí kò lè sọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹkún ìyàwó ló sún mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọkọ ni ti ibẹ̀ ń lọ.

Ohun tí kò sí nínú Iliad, kí ẹ má baà rí i nínú ìdáhùn ìdánwò: kò sí Penthesilea, ọbabìnrin àwọn Amazon, àwọn obìnrin jagunjagun. Àwọn Amazon kàn fara hàn nínú ìtàn àtijọ́ lásán. Cassandra, arábìnrin Hector, wà, àmọ́ kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Òun ló kọ́kọ́ rí òkú Hector tí wọ́n ń gbé bọ̀ (Ìwé 24, ìlà 699). Wọn ò mẹ́nu ba fífi Iphigenia, ọmọ Agamemnon, rúbọ. Àwọn ewì àti eré orí ìtàgé tó wáyé lẹ́yìn Homer ló gbé púpọ̀ nínú wọn jáde.

Olùkọ́_ÒkèBaálẹ̀

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tò ó: ọjọ́ àkọ́kọ́, gbólóhùn mẹ́rin, ọjọ́ kejì, aṣọ, pẹ̀lú ìjàkadì inú Ìwé 23 àti aṣọ Athena láti fi dá a dúró, ọjọ́ kẹta, Briseis àti arò mẹ́ta. Àlùbọ́sà ti wà nílẹ̀.

Ẹyọ kan ló kù. Odyssey, Ìwé 22, àwọn obìnrin 12 tí wọ́n so rọ̀. Mi ò fẹ́ fò ó. Ìtumọ̀ kan pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀, òmíràn ní ìránṣẹ́bìnrin. Èwo ni kí n lò?

Atúmọ̀_Ìwé

Ẹ lo "ẹrúbìnrin". Ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà túmọ̀ sí nìyẹn. "Ọmọ ọ̀dọ̀" ń gba owó oṣù, ó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. "Ìwọ̀fà" náà ò bá a mu, torí ìwọ̀fà ní gbèsè, ó sì ní ọjọ́ tí wọn yóò rà á padà. Bí ọmọ kan bá jiyàn, ẹ ṣí Ìwé 1, ìlà 431: iye màlúù 20 ni Laertes fi ra Eurycleia, ẹrúbìnrin tí gbogbo ilé bọ̀wọ̀ fún jù. Emily Wilson, obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ ìtumọ̀ odidi Odyssey jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2017, "ẹrú" ló pè wọ́n.

Ẹ kà á tẹ̀ léra. Ìlà 37: Odysseus fúnra rẹ̀ fẹ̀sùn kan àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ Penelope pé wọ́n fi ipá bá àwọn ẹrúbìnrin òun sùn. Ìlà 424: Eurycleia ní nínú àádọ́ta, 12 ti ya aláìnítìjú. Láti 437 sí 453, wọ́n ní kí àwọn 12 náà gbé òkú àwọn ọkùnrin yẹn, tí Odysseus ti pa, jáde, kí wọ́n fi kànìnkànìn nu tábìlì àti àga. Odysseus ní kí wọ́n fi idà pa wọ́n. Telemachus ló pààrọ̀ rẹ̀ sí okùn ọkọ̀ ojú omi (462 sí 465). Ní 468 sí 473, ewì fi wọ́n wé ẹyẹ tó kó sínú àwọ̀n nígbà tó ń lọ sùn, ẹsẹ̀ wọn ta díẹ̀, kò pẹ́.

Bí ẹ bá ti kà á dé 473, ẹ ṣí ìlà 37 padà, kí ẹ tún un kà sókè, ẹ̀ẹ̀kan.